Ìyá wọn ti kú, ọmọ ológbò 4 wà lọ́wọ́ mi l'Ọ́yìngbò

Omo_Oyingbo: Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Dánfó gba ìyá wọn pa lójú títì wa, ìgbà tó dalẹ́ la tó gbọ́ igbe àwọn ọmọ lábẹ́ tábìlì alátà. Ojú wọn ò tíì là. Mo kó wọn sínú páálí, mo fún wọn ní mílíìkì inú agolo, àfi ìgbẹ́ gbuuru, méjì ti rọ jọwọrọ. Yàrá kan ṣoṣo ni mò ń gbé, mi ò lè sìn wọ́n títí, mo kàn fẹ́ tọ́ wọn kí wọ́n tó ẹni tó ń dá jẹun kí n wá wá ilé fún wọn. Ìyá kan nínú ilé wa sì ti ń pariwo pé àjẹ́ ni mo kó wọlé.

IyaOlogbo_Surulere: Àbúrò, o káre. Mílíìkì màlúù yẹn, dá a dúró báyìí, inú wọn ò gbà á. Èyí tí wọ́n ṣe fún ọmọ ológbò wà lọ́dọ̀ dókítà ẹranko, ó wọ́n díẹ̀ ṣá. Àwọn méjì tó rọ yẹn, gbé wọn lọ lónìí, má dúró dọ̀la.
Tí ara wọn bá tutù, má tíì fún wọn ní ńkankan. Rọ omi gbígbóná sínú ike, fi àkísà wé e, gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú páálí kí wọ́n lè sún kúrò tó bá gbóná jù, ìyẹn ò dẹ̀ bèèrè iná NEPA. Wákàtí 2 sí 3 síra ni wàá máa fún wọn lóúnjẹ, tọ̀sántòru, pẹ̀lú sìríńjì tí ò ní abẹ́rẹ́. Ikùn ni kó o dà wọ́n dé bí ìgbà tí wọ́n ń mu ọmú ìyá wọn, má tẹ́ wọn kalẹ̀ lẹ́yìn bí ọmọ èèyàn o. Bí mo ṣe pa ọ̀kan nìyẹn, mílíìkì wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀, ó ṣì ń dùn mí dòní. Tí wọ́n bá ti mu tán, fi òwú tó lọ́wọ́ọ́rọ́ nu ìdí wọn, torí wọn ò tíì lè dá tọ̀, ìyá wọn ló máa ń lá a fún wọn.

Bariga_Boy: Ìyá, yọ̀rọ̀ ńkọ́? Wọ́n ní kí n fi ọ̀tápíápíá pa á lára ọmọ ológbò tèmi.

IyaOlogbo_Surulere: Háà, má dán an wò! Á pa wọ́n. Oògùn yọ̀rọ̀ tajá náà, má fi kàn wọ́n. Òòyà eléyín wẹ́wẹ́ ni kó o fi máa ya á, yọ̀rọ̀ lè mu ẹ̀jẹ̀ ọmọ kékeré tán o.

Alagba_Yaba: Ọ̀rọ̀ ìyá inú ilé yín tó ń pariwo àjẹ́ yẹn, má bá a jà. Sọ fún un pé ológbò ò sí nílé, ilé dilé èkúté, kó o sì lọ bá láńlọ́ọ̀dù kó tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì. Má fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n tó pé ọ̀sẹ̀ 8, kó o rí i pé wọ́n ti gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ ẹ, tẹ̀lé e délé, torí àwọn kan wà tí nǹkan mìíì ni wọ́n fẹ́ fi ṣe.

Omo_Oyingbo: Ẹ ṣé gan-an ni. Ọ̀kan kú lọ́nà, mo sunkún nínú kẹ̀kẹ́. Mẹ́ta tó kù ti mu mílíìkì tuntun, wọ́n sùn léra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike. Mo ti sẹ́tì aláàmù sí aago 2 òru.