Mọ́mì ti já olú ẹ̀yìnkùlé o, omi ti wà lórí iná

Ìyá Ìbejì, Leeds: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará ilé, ta ló wà lórí fóònù báyìí? Òjò tó rọ̀ láti ọjọ́ mélòó kan yìí ti jẹ́ kí olú hù sí gbogbo ojú koríko ẹ̀yìnkùlé wa. Màmá ọkọ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Àkúrẹ́ ti já abọ́ kan kún. Wọ́n ti gé ìdí ẹ̀, wọ́n ti ṣan án, omi ti wà lórí iná. Wọ́n ní olú tí àwọn ti ń jẹ láti kékeré ni. Mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù, wọ́n ní ṣé èmi ni mo fẹ́ kọ́ àwọn ní olú. Ọkọ mi wà níbi iṣẹ́, kò gbé ìpè mi. Fọ́tò ló wà lókè yìí, ẹ bá mi wò ó kíákíá. Àwọn ọmọ náà ti fọwọ́ kàn án o!

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Birmingham: Pa iná yẹn. Kọ́kọ́ pa iná ká tó sọ̀rọ̀. Ṣé ẹnikẹ́ni ti fi kan ẹnu?

Ìyá Ìbejì, Leeds: Rárá mà, kò tíì sí. Mo ti pa á. Inú ti ń bí Mọ́mì.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Birmingham: Jẹ́ kí inú bí wọn, a ó bẹ̀ wọ́n. Ti àwọn ọmọ, fífọwọ́ kàn án kò ṣe nǹkan. Májèlé olú kì í gba ara wọlé, àfi tó bá gba ọ̀fun. Fi ọṣẹ fọ ọwọ́ wọn, kó o sì yẹ ẹnu wọn wò.

Bàbá Houston: Ìyá Ìbejì, má gbà kí wọ́n sè é o! Ohun tójú mi rí ni mò ń sọ. Nígbà tí a kó dé ilé tí a wà yìí, olú funfun ńláńlá hù yí iwájú ilé ká, òmíì fẹ̀ ju àwo ọbẹ̀ lọ. Mo ní Ọlọ́run rántí ọmọ Òndó. Mo fi ata rodo àti epo sè é, mo fi jẹyán. Ilẹ̀ ò tíì ṣú dáadáa tí inú mi fi dà rú. Mo bì títí kò fi sí nǹkan tí mo lè bì mọ́, ìgbẹ́ gbuuru di ẹlẹ́jẹ̀. Ọkọ̀ pàjáwìrì ló gbé mi, mi ò sì ní inṣọ́ránsì nígbà náà. Owó tí ilé ìwòsàn kọ ránṣẹ́ sí mi tó ra mọ́tò àlòkù tó ṣì dáa. Chlorophyllum molybdites ni orúkọ olú yẹn, òun ló sì ń mú èèyàn jù lọ ní Amẹ́ríkà. Ojú koríko ló fẹ́ràn. Abẹ́ orí rẹ̀ á funfun nígbà tó bá ṣì kéré, ìgbà tó bá gbó tán ni yóò wá yí sí àwọ̀ ewé. Ẹni tó bá já a ní kékeré, kí ni yóò fi mọ̀ ọ́n?

Ọmọ Ìdànrè, Toronto: Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Ṣùgbọ́n Leeds kì í ṣe Texas.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Birmingham: Èyí tó wà lọ́dọ̀ wa níbí burú ju ti Texas lọ. Ti Texas á ya èèyàn nígbẹ̀ẹ́, ọ̀pọ̀ ni ara wọn ń yá tí wọ́n ń padà sílé. Olú tí wọ́n ń pè ní Amanita phalloides ló ń pa èèyàn. Tí ẹ bá jẹ ẹ́ lálẹ́ òní, ẹ ó sùn, ẹ ó jí. Wákàtí 6 sí 24 ló máa ń gbà kí inú tó bẹ̀rẹ̀ sí í dà rú. Ẹ ó bì, ẹ ó yàgbẹ́, lẹ́yìn náà ara á rọ̀ yín, ẹ ó máa dúpẹ́. Àsìkò yẹn gan-an ni ẹ̀dọ̀ ń bàjẹ́ lọ. Sísè kò pa májèlé rẹ̀, sísá sóòrùn kò pa á, fìríìsà kò pa á. Ẹ má sì sọ pé ẹ ó tọ́ ọ wò kí ẹ tó gbé e mì, torí àwọn tó jẹ ẹ́ tí ẹ̀mí wọn ò bọ́ ti sọ pé ó dùn lẹ́nu.

Ìyá Ìbejì, Leeds: Jésù! Mo ti ka gbogbo ẹ̀ fún Mọ́mì. Wọ́n ní kí n bi yín, ìgbín ti jẹ lára èyí tí àwọn já. Wọ́n ní olú tí ìgbín bá ti jẹ, èèyàn lè jẹ ẹ́.

Bọ̀dá Peckham: Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni Màmá sọ. Bí ìyá tó bí wa lọ́mọ ṣe ń yàn án lóko nìyẹn. Olú tí kòkòrò kankan kò bá fẹnu kàn, àwa náà kì í fọwọ́ kàn án.

Bàbá Houston: Ìgbín jẹ lára èyí tí mo sè náà o.

Bọ̀dá Peckham: Ìgbín Texas nìyẹn, Bàbá. Ìgbín Àkúrẹ́ mọ ohun tó ń jẹ.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Birmingham: Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, ẹ̀mí èèyàn la ń sọ. Ìgbín àti ìdin ń jẹ Amanita phalloides lójoojúmọ́, kò ṣe wọ́n ní ohunkóhun. Inú wọn kì í ṣe inú wa. Àwọn kan tún ní ká fi àlùbọ́sà sè é, ká wò ó bóyá àlùbọ́sà á dúdú. Òmíì ní ká sọ ṣíbí fàdákà sí i. Kò sí ọ̀kan tó jẹ́ òótọ́ nínú ẹ̀.

Bọ̀dá Peckham: Mi ò jiyàn, mà. Ṣùgbọ́n kí àwọn àgbà wa tó sọ nǹkan, wọ́n á ti rí i. Wọ́n jẹ ẹ́, wọn ò kú. Ṣé gbogbo wọn ló wá ṣìnà?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Birmingham: Wọ́n jẹ èyí tí wọ́n mọ̀ ní ibi tí wọ́n mọ̀. Ìgbín kọ́ ló yọ wọ́n.

Bọ̀dá Peckham: Epo pupa ńkọ́? Tí èèyàn bá tètè mu epo pupa?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Birmingham: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún ẹnikẹ́ni lépo. Kì í pa májèlé, ẹni tó bá sì ń bì, epo lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, wàhálà á wá di méjì. Ẹ má ti ìka bọ ọ̀fun kó lè bì náà. Ẹni tó bá ti jẹ ẹ́, yàrá pàjáwìrì ilé ìwòsàn ló kàn, kódà tí ara rẹ̀ bá le koko. Ní UK níbí, ẹ pe 999. Tó bá jẹ́ ìbéèrè lásán, ẹ pe 111. Ẹ kó èyí tó kù sínú bébà, kì í ṣe ọ̀rá, torí ọ̀rá á jẹ́ kó tètè jẹrà. Ẹ gbé e dání kí wọ́n lè rí ohun tí wọ́n ń bá jà.

Bàbá Houston: Ẹ̀yin tó wà ní Amẹ́ríkà, nọ́ńbà àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn lórí májèlé ni 1-800-222-1222. Tọ̀sán tòru ni wọ́n ń gbé e, owó kankan ò sí níbẹ̀. Ká ní mo mọ nọ́ńbà yẹn lọ́jọ́ náà, mi ò bá ti tètè pè.

Ọmọ Ìdànrè, Toronto: Ti Kánádà ni 1-844-764-7669.

Ẹ̀gbọ́n Canberra: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, mo rí gbogbo ọ̀rọ̀ yín. Ìlú tí mò ń gbé ní Australia yìí, ìdí igi óákù ni Amanita phalloides yẹn ti ń hù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2012, èèyàn méjì kú níbí lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ọdún tuntun. Kì í ṣe òpè ni ẹni tó sè é o, kúùkù ni. Ẹ ti gbọ́ ti Leongatha, ìlú kan ní Australia níbí náà, ní 2023, olú kan náà ló pa èèyàn mẹ́ta. Ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ fún Màmá pé kò sí ẹni tó ń fojú di àwọn.

Ọ̀gá Àgírìkì, Àkúrẹ́: Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin ọmọ wa. Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé níbí ni mo fi rí gbogbo èyí. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀ Màmá, nítorí wọn ò purọ́, ó sì ń dùn mí bí ẹ ṣe ń bá wọn sọ ọ́. Olú tí wọ́n mọ̀, wọ́n mọ̀ ọ́n ju gbogbo wa lọ. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé kò lè hù ní Leeds láéláé. Olú tí à ń lọ já nínú oko kòkó lẹ́yìn àkọ́rọ̀ òjò, ikán ló ń gbìn ín. Ikán á kó igi gbígbẹ àti ewé jẹ, wọ́n á yà á sínú ògán, wọ́n á fi mọ ilé fún olú. Òwú funfun olú á hù bo ibẹ̀, ohun tí wọ́n ń jẹ nìyẹn. Nígbà tí ilẹ̀ bá rin, olú á ta látinú ilé ikán, á gún ilẹ̀ jáde. Ẹ rántí bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń gùn? Tí ẹ bá fi àdá wa ilẹ̀ tẹ̀ lé e, ẹ ó rí i pé ó ń tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sísàlẹ̀, ó ń lọ, títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ àwọn ikán gan-an. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Termitomyces. Ilẹ̀ Áfíríkà àti Éṣíà ni ikán tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn wà. Kò sí ní England, kò sí ní Amẹ́ríkà, kò sí ní Kánádà. Níbi tí kò bá ti sí ikán, kò lè sí olú yẹn. Nítorí náà èyíkéyìí tí ẹ bá rí lójú koríko yín tó jọ olú ilé, ẹ ti mọ̀ pé òun kọ́ nìyẹn, bó ti wù kó jọ ọ́ tó. Olú ara ọ̀pẹ náà, ẹ ṣọ́ra fún èyí tó jọ ọ́. Inú àpò ló ti máa ń yọ ní kékeré, inú àpò náà sì ni Amanita yẹn ti ń yọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ àlejò tó wá láti Éṣíà ti kó sí wàhálà nìyẹn.

Bọ̀dá Peckham: Ọ̀gá, ẹ ṣeun. Èyí yé mi. Mo gba ti ìgbín padà.

Ìyá Ọlọ́gbà, Cardiff: Fọ́tò tí o fi ránṣẹ́, orí nìkan la rí níbẹ̀, orí kò lè sọ nǹkan kan. Fi ọ̀bẹ wa ọ̀kan tìdítìdí, má kàn ṣẹ́ ẹ. Ya abẹ́ orí rẹ̀. Wò ó bóyá òrùka wà lọ́rùn ẹsẹ̀, bóyá àpò wà ní ìdí rẹ̀ nínú ilẹ̀. Tó bá funfun, fi èékánná ha ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀. Tó bá pọ́n yòò sí yẹ́lò lójú ẹsẹ̀, tó sì ń rùn tàdáwà, ìyẹn náà ń dani nínú rú, ó sì pọ̀ ní UK dáadáa. Gé orí òmíì, dojú ẹ̀ dé bébà tó jẹ́ ìdajì funfun, ìdajì dúdú, fi ife bò ó mọ́jú. Àwọ̀ ìyẹ̀fun tó bá já sílẹ̀ ni kó o wá sọ fún wa.

Ìyá Ìbejì, Leeds: Èyí tó pọ̀ jù kéré, àwọ̀ ilẹ̀ ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín. Àmọ́ àwọn funfun kan wà nínú abọ́ tí wọ́n tóbi díẹ̀. Mọ́mì ti gé ìdí gbogbo wọn dànù, wọ́n ti dà á pọ̀ mọ́ èèpo iṣu.

Ìyá Ọlọ́gbà, Cardiff: Há! Ìdí yẹn gan-an la nílò. Èyí tó kéré, ó lè jẹ́ Panaeolus foenisecii, ó wà lára àwọn tó wọ́pọ̀ jù lójú koríko tí a ń gé. Tàwọn funfun, láìsí ìdí wọn, mi ò ní sọ nǹkan kan.

Ọmọ Ìdànrè, Toronto: Mo fi ápù wò ó, ó ní jíjẹ ni.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Birmingham: Ápù kò ní bá yín dé ilé ìwòsàn. Ẹ yọ ọ́ kúrò níbí kí ẹlòmíì má bàa rí i.

Ìyá Ìbejì, Leeds: Oògùn wo ni mo lè fọ́n sórí koríko kó má hù mọ́? Àwọn ọmọ ń ṣeré níbẹ̀.

Ìyá Ọlọ́gbà, Cardiff: Má náwó rárá. Mo ra oògùn olówó ńlá lọ́dún tí mo kọ́kọ́ ní ọgbà, nígbà tí òjò tún rọ̀ olú hù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí tí a ń rí lókè kọ́ ni olú gan-an, òwú rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó lè máa jẹ gbòǹgbò igi àtijọ́ tí wọ́n gé tí wọ́n bò mọ́lẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ba koríko jẹ́. Máa já a láràárọ̀ kí àwọn ọmọ tó jáde, kó o dà á sí bíìnì. Tí òtútù bá mú dáadáa, á lọ.

Ìyá Ìbejì, Leeds: Mọ́mì ti gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀, èmi ni mò ń bá wọn tẹ̀ ẹ́: “Ẹ kú u o, gbogbo yín. Ọ̀gá tó sọ ti ikán, Ọlọ́run á bù kún yín. Òótọ́ ni, ibi ògán la ti ń já a. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàn ń kígbe májèlé, májèlé, mi ò gbọ́ yín. Mo ti jáde lọ wo gbogbo ẹ̀yìnkùlé, kò sí ògán níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dà á nù.”

Bàbá Houston: Màmá, ẹ ṣé! Ẹ ò rí i pé obìnrin Òndó ni yín.

Bọ̀dá Peckham: Àkúrẹ́ ni wọ́n sọ fún yín, Bàbá. Gbogbo ohun tó bá dáa, Òndó á ní tòun ni. Láti 1976 la ti jẹ́ olú-ìlú, ara yín ò tíì gbà á.

Bàbá Houston: Ẹ jẹ́ olú-ìlú, ẹ máa jẹ ẹ́. Tó bá di ọjọ́ ìnáwó, àsun ta ni wọ́n ń wá? Ẹ sọ fún mi.

Ọmọ Ìdànrè, Toronto: Tiwa ni àsun. Ẹ wá sórí òkè wá jiyàn ẹ̀.

Bàbá Houston: Ọmọ yìí, lọ sùn.

Ẹ̀gbọ́n Canberra: Olú ló ń pa mí báyìí, kì í ṣe àsun. Àwọn obìnrin tó máa ń kó o sínú ewé lẹ́bàá ọ̀nà, tí yẹ̀pẹ̀ pupa ṣì wà ní ìdí ẹ̀. Màmá mi á fi ọwọ́ fà á ya, wọn kì í fi ọ̀bẹ gé e. Wọ́n á dà á sínú ẹ̀gúsí tó ti dì, pẹ̀lú ẹja gbígbẹ. A kì í wá ẹran lọ́jọ́ yẹn.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Birmingham: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa, alẹ́ ni mo wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ìyá Ọlọ́gbà, Cardiff: Ìyá Ìbejì, ra Pleurotus fún Mọ́mì ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Ṣáínà, èyí tí wọ́n ń pè ní oyster. Ya á pẹ̀lú ọwọ́, gbọ̀n omi ara rẹ̀ dànù, kó o tó dà á sí epo. Ó sún mọ́ ọn.

Bọ̀dá Peckham: Kò sún mọ́ ọn o. Ṣùgbọ́n ó sàn ju èyí tó funfun rogodo inú ike lọ.

Ìyá Ìbejì, Leeds: Ọkọ mi ti dé, òun ló ń lọ rà á. Ọ̀gá, Mọ́mì ní kí n bi yín, èló ni wọ́n ń ta olú ní Ọjà Ọba báyìí? Ẹ̀gbọ́n wọn kan ń bọ̀ níbí kí ọdún tó parí, wọ́n fẹ́ kí ó rà á sílẹ̀ kó sì sá a.

Ọ̀gá Àgírìkì, Àkúrẹ́: Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ sí mọ́, èyí tó wà sì ti gbówó lórí. Ìyàwó mi ń lọ sọ́jà lọ́la, ó máa bá wọn béèrè. Kí ẹ̀gbọ́n wọn kọ́kọ́ wádìí ohun tí òfin ibẹ̀ sọ nípa oúnjẹ gbígbẹ kó tó rà á o.

Ìyá Ọlọ́gbà, Cardiff: Àwọn funfun yẹn ńkọ́, Ìyá Ìbejì? O ò ya ọ̀kan sílẹ̀ sórí bébà fún mi?

Ìyá Ìbejì, Leeds: Mọ́mì ti kó gbogbo ẹ̀ sínú ọ̀rá méjì, wọ́n ti dì í, bíìnì ti gbà á. Tó bá tún hù, màá wa á tìdítìdí.