Orin Dolly Parton tí mo túmọ̀ fún màmá mi nídìí máṣíìnì

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé kí ni aránṣọ Mọ́kọ́lá ń wá nídìí orin kọ́ńtìrì, orin àwọn ará ìgbèríko Amẹ́ríkà. Ilé wa ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn, ló ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi ló ni rédíógíráàmù, òun ló sì ń pinnu ohun tí gbogbo ilé máa gbọ́. Lálẹ́ Sátidé, tí Ebenezer Obey àti Sunny Adé bá ti kọ tiwọn tán, Jim Reeves, olórin kọ́ńtìrì ará Amẹ́ríkà, ló kàn.

Ọkùnrin yẹn kì í pariwo, kì í kánjú. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀, ó sì ń la ọ̀rọ̀ yékéyéké tó fi jẹ́ pé ẹni tí ò kàwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á mọ ohun tó ń sọ. Èyí tí bàbá mi fẹ́ràn jù ni “He’ll Have to Go”, tó jáde ní 1959. Ọkùnrin kan wà nílé ọtí, ó ń bá olólùfẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù, ó sì mọ̀ pé ọkùnrin mìíràn wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní kí obìnrin náà sọ fún onítọ̀hún pé kó máa lọ, tàbí kí òun fi fóònù sílẹ̀. Orin yẹn ò ní tíì parí tí àwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi á ti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́. Ọ̀kan á ní ọkùnrin tó jókòó sílé ọtí nígbà tí aya ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Òmíràn á ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu obìnrin náà. Jim Reeves ti kú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìjókòó yìí: ọkọ̀ òfuurufú kékeré tó ń wà fúnra rẹ̀ já lulẹ̀ nínú ìjì nítòsí Nashville, ìlú àwọn olórin kọ́ńtìrì ní Amẹ́ríkà, ní July 31, 1964, kò tíì pé ẹni ọdún mọ́kànlélógójì. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó ń gbé orin rẹ̀ jáde ò dáwọ́ dúró, àwo tuntun ṣì ń wọ Ìbàdàn, bàbá mi sì ń rà á.

Nígbà tí “Coward of the County” ti Kenny Rogers dé, èyí tó jáde ní 1979, ìjà gidi ló dá sílẹ̀ nílé wa. Bàbá ọmọkùnrin inú orin náà kú sẹ́wọ̀n, ó sì ti gbà á níyànjú pé kó má jà láéláé. Ọmọ pa ọ̀rọ̀ bàbá mọ́ títí gbogbo ìlú fi ń pè é ní ojo. Lọ́jọ́ kan, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò mẹ́ta wọlé ti ìyàwó rẹ̀, wọ́n ṣe é léṣe. Ọmọ náà bá wọn jà. Bàbá mi ní ọ̀rọ̀ tí òbí sọ kó tó kú kì í ṣe ohun tí à ń dà. Ọmọdé ni mí nígbà náà, àmọ́ mo bèèrè pé, “Bàbá, ìyàwó ńkọ́?” Wọn ò lé mi wọlé. Wọ́n dá mi lóhùn, a sì jọ jiyàn ọ̀rọ̀ náà. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń wá orin tó máa gbé ọ̀ràn kalẹ̀ síwájú mi, tí màá lè gbèjà ẹnìkan nínú rẹ̀.

Ohùn orin kọ́ńtìrì ò sì jìnnà sí etí wa. Ẹ gbọ́ àwo “Juju Music” tí Sunny Adé gbé jáde ní 1982. Gìtá tó ń fa ohùn gùn, tó ń sunkún lẹ́yìn ìlù, Demola Adepoju ló ń ta á. Pedal steel ni wọ́n ń pè é; jíjókòó ni wọ́n ń jókòó tì í, wọ́n á máa fi irin yọ̀ lórí okùn rẹ̀, wọ́n á sì máa fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dàlì rẹ̀ nísàlẹ̀. Irú gìtá kan náà ló wà lẹ́yìn àwọn olórin Nashville.

Orin pọ́ọ̀pù náà wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ olórin Boney M ló ni oṣù December ní Dùgbẹ̀. “Rivers of Babylon” wọn ti 1978 ò sì ṣàjèjì létí ẹni tó bá mọ Sáàmù 137.

Àmọ́ orin tèmi ni “Coat of Many Colors” ti Dolly Parton, obìnrin olórin kọ́ńtìrì, 1971. Ìgbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ màmá mi ni kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dé ọwọ́ mi. Màmá mi ò gbọ́ Òyìnbó. Wọ́n rí i pé mo dá máṣíìnì dúró, wọ́n ní kí ló dé. Ni mo bá ń túmọ̀ rẹ̀ fún wọn: òtútù ń bọ̀, ọmọ ò ní kóòtù. Wọ́n ta ìyá rẹ̀ lọ́rẹ àpótí ègé aṣọ kan. Ìyá ń rán an pọ̀, ó ń sọ ìtàn Jósẹ́fù àti ẹ̀wù aláràbarà rẹ̀ fún ọmọ. Ọmọ wọ̀ ọ́ lọ sílé ìwé tayọ̀tayọ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í rẹ́rìn-ín. Ó ń ṣàlàyé fún wọn pé ìfẹ́ wà nínú gbogbo ojú abẹ́rẹ́ ibẹ̀, wọn ò gbọ́.

Màmá mi ò sunkún bí mo ṣe rò. Wọ́n ní, “Ṣé ó kọ́kọ́ rẹ àwọn aṣọ náà sómi?” Mo ní orin ò sọ ọ́. Wọ́n wá ṣàlàyé pé bí ẹ bá rán ègé tó ti rí omi mọ́ èyí tí ò tíì rí omi, ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ ni tuntun á sún kì, á fa èkejì mọ́ra, ojú ìrán á ká kò. Wọ́n ní aṣọ onígèé gba ọgbọ́n ju aṣọ odindi lọ: èyí tó nípọn á fẹ́ já èyí tó fẹ́lẹ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ máa lọ ojú ìrán kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó kan òmíràn. “Obìnrin yẹn mọṣẹ́,” ni wọ́n wí. “Àwọn ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín ni wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń wò.”

Kò sẹ́ni tó tíì bá mi sọ̀rọ̀ orin yẹn báyẹn rí. Dolly fúnra rẹ̀ ní ìtàn ayé òun ni. Ọmọ méjìlá ni ìyá rẹ̀ bí, ní Tennessee, nínú ìṣẹ́. Nínú bọ́ọ̀sì ló ti kọ orin náà ní 1969, nígbà tó ń bá Porter Wagoner, olórin kọ́ńtìrì tí wọ́n jọ ń kọrin, rìn kiri. Ẹ̀yìn rìsíìtì alágbàfọ̀ tó wà lára aṣọ Porter ló kọ ọ́ sí, torí kò rí ìwé. Mo sọ èyí fún màmá mi náà, inú wọn dùn gan-an pé ara aṣọ ni orin náà ti jáde.

Dolly yìí kan náà ló kọ “I Will Always Love You”, nígbà tó fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ Porter. Whitney Houston tún un kọ ní 1992, òun lọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀. Wọ́n máa ń lò ó níbi ìgbéyàwó, kò sì tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Ìdágbére ni! Ẹni tó ń lọ ló ń kọ ọ́. Ẹ fún tọkọtaya ní Don Williams, “You’re My Best Friend”.

Ní ṣọ́ọ̀bù mi, mo máa ń fi “Coat of Many Colors” yẹn sí i fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́, màá sì ní kí wọ́n dá ẹjọ́. Láìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú wọn ní ìyá náà ò ṣe dáadáa, pé kò yẹ kó jẹ́ kí ọmọ wọ̀ ọ́ jáde láìkọ́kọ́ sọ fún un pé wọ́n lè fi í rẹ́rìn-ín. Èmi ò gbà. Inú ọmọ náà dùn títí dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, ìyẹn sì tó ìyá í fún ọmọ. Ọmọ iṣẹ́ mi yẹn náà ò gbà fún mi, a ṣì wà lórí rẹ̀.