Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ọmọ ọwọ́ wọ bàálù rí, ẹ wá sọ tiyín

Ìyá Àdùkẹ́:

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣáájú. Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù ni, èmi nìkan àti ọmọ oṣù méje; bàbá rẹ̀ ti wà lọ́hùn-ún dè wá. Wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ ni, alẹ́ sì ni bàálù gbéra, gbogbo ayé wá ń sọ fún mi pé á kàn sùn ni. Ọmọ ta ló ń sùn!

Ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Ọmọ ọwọ́ gbọ́dọ̀ ní pásípọ́ọ̀tù tirẹ̀. Bí kò bá tíì pé ọdún 2, orí itan yín ló máa jókòó, owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ sókè òkun sì sábà máa ń tó ìdá kan nínú mẹ́wàá owó àgbà. Bí ẹ bá wá ń dá rìn, ẹ gba lẹ́tà ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ bàbá ọmọ. Ní Ìkẹjà, òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n wo pásípọ́ọ̀tù méjèèjì, ó ní, "Màdáámù, bàbá ọmọ ńkọ́?" Mo na lẹ́tà sí i pẹ̀lú fọ́tókọ́pì pásípọ́ọ̀tù ọkọ mi. Ó kà á, ó fọwọ́ pa ọmọ lẹ́rẹ̀kẹ́, ó lu òǹtẹ̀. Arábìnrin tó tò sẹ́yìn mi ò ní tirẹ̀. Nígbà tí mo máa bojú wẹ̀yìn, ó ti ń pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù, omi ti lé ròrò sójú rẹ̀.

Níbi tí wọ́n ti ń yẹ ara wò, ẹ máa tú ọ̀já o. Mo ti pọ̀n ọmọ látìgbà tí a ti tò sórí ìlà, oorun ti ń kùn ún, wọ́n ní kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ọ̀já gba inú ẹ̀rọ. Ó tají, ó figbe ta. Àmọ́ wọn ò da omi rẹ̀ nù: òfin pé ìgò ohun olómi ò gbọ́dọ̀ ju mílílítà 100 lọ, èyí tí wọ́n fi ń gba ìpara lọ́wọ́ ẹni, kò kan wàrà àti omi ọmọ, bí ẹ bá ti sọ fún wọn, tí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo ti bẹ̀bẹ̀ fún bẹ́ẹ̀dì kékeré tí wọ́n máa ń gbé kọ́ ara ògiri iwájú látìgbà tí mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. (Ẹ tètè béèrè, kì í pọ̀, ó sì ní ìwọ̀n tí ọmọ ò gbọ́dọ̀ tẹ̀ kọjá.) Wọ́n gbé e wá lóòótọ́. Ohun tẹ́nìkan ò sọ fún mi ni pé bí iná bẹ́líìtì bá ti tàn, ẹ óò gbé ọmọ kúrò nínú rẹ̀, ì báà máa hanrun. A dé òkè aṣálẹ̀ Sàhárà, bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bíi mólúè lójú ọ̀nà tó bàjẹ́, iná tàn. Mo gbé e. Iná kú, mo tẹ́ ẹ padà. Iná tún tàn. Nígbà tó yá, mo fi bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ fún báàgì mi.

Ọ̀já ló gbà mí. Mo pọ̀n ọn, mo lọ dúró lẹ́yìn pátápátá níbi tí wọ́n ń to oúnjẹ sí, mo ń mi ìdí díẹ̀díẹ̀, mo ń ki í lóhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Òyìnbó kan lára àwọn tó ń pín oúnjẹ wò mí títí, ó ní ṣé ọmọ ò ní já bọ́. Mo ní kó fa ọ̀já wò. Ó fà á. Ó ní ó dáa, àmọ́ bí iná bá tàn kí n tú u, torí wọn kì í pọnmọ jókòó.

Etí ọmọ wá ni ọ̀rọ̀ gidi. Màmá kan tó jókòó tì mí, tó ń lọ tọ́jú ọmọ tuntun tí ọmọ rẹ̀ bí, rí i pé mo fẹ́ fún ọmọ lọ́mú. Ó ní, "Ìyá ọmọ, dá a dúró ná. Jẹ́ kí bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀." Ìgbà tó bá ń sọ̀kalẹ̀ ni etí ń dun ọmọ jù, torí afẹ́fẹ́ inú bàálù ń ki sí i, ihò tóóró tó ti inú etí lọ sí ọ̀fun á sì dí. Àwa àgbà á yán, a ó gbé itọ́ mì, etí á là. Ọmọ ò mọ ìyẹn. Àfi kó máa mu nǹkan. Ó ku bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ká balẹ̀ nígbà tí mo gbé ọmú fún un. Àwọn ọmọ tó kù ń ké yí wa ká, tèmi ń mu.

Bàbá Ìbejì:

Ọmọ kan lẹ̀ ń sọ! Èkó sí Atlanta ni tiwa, bíi wákàtí 12, pẹ̀lú ìbejì. A ti rò pé èmi àti ìyá wọn á jókòó pọ̀, kí kálukú gbé ọ̀kan. Wọ́n ní rárá. Ìbòmú afẹ́fẹ́ tó máa ń já sílẹ̀ látòkè nígbà ewu, ọ̀kan péré ló sábà máa ń fi lé iye àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí náà ọmọ ọwọ́ méjì ò lè wà níbẹ̀ pọ̀. Wọ́n fi mí sọ́tùn-ún, wọ́n fi ìyá wọn sósì. Bí Táíwò bá ké lọ́dọ̀ mi, Kẹ́hìndé á dáhùn lọ́hùn-ún. Nígbà tó yá, àwọn tó jókòó sáàárín ló ń bá wa gbé wọn kọjá bí a bá fẹ́ ṣe pààrọ̀.

Ohun mìíràn: bàálù Yúróòpù tí a ti wọ̀ rí máa ń fúnni ní bẹ́líìtì kékeré tí wọ́n ń fi so ọmọ mọ́ ti òbí. Àwọn ará Amẹ́ríkà ò gbà á láyè, wọ́n ní ó lè ṣe ọmọ léṣe. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí ẹ ra àga fún ọmọ, kí ẹ sì gbé àga tó ń jókòó sí nínú mọ́tò wá. Owó àga méjì! Ọwọ́ mi ni mo fi ṣe bẹ́líìtì.

Nọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta:

Ẹnìkan ò tíì sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ ń ṣe é: oògùn ikọ́ tó ń kunni lóorun, tí ẹ ń fún ọmọ kó lè sùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ó lè má jẹ́ kí ọmọ mí dáadáa, ọmọ mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ńṣe lojú rẹ̀ á là kedere. Mo rí ọ̀kan tó ń fò lórí itan ìyá rẹ̀ láti Èkó títí a fi dé Frankfurt. Ọmọ tí imú rẹ̀ bá dí tàbí tí etí ń dùn, kí dókítà rí i kẹ́ ẹ tó lọ. Ọmọ jòjòló ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ bàálù kì í gba èyí tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan. Ká kúkú sọ pé wọn ò gba ọmọ tí a ò tíì sọ lórúkọ.

Ìyá Àdùkẹ́:

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìrójú o. Èmi ì bá ti sunkún.

Ọmọ Àjàṣẹ́:

Kùtọnu sí Paris ni tiwa, èmi, ìyàwó mi àti ọmọkùnrin wa. Bàálù ń sáré nílẹ̀ kó tó gbéra, iná bẹ́líìtì ń tàn, ọmọ bá yàgbẹ́. Pámpásì ò gbà á. Ó gba ẹ̀yìn ọmọ dé ọrùn, ó gba ṣẹ́ẹ̀tì mi, ó dé ṣòkòtò. Kò sẹ́ni tó lè dìde. Àwọn tó wà níwájú wa ń wo ara wọn lójú.

Bí iná ṣe kú, mo sáré lọ sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Pátákó tí wọ́n máa ń ṣí sílẹ̀ láti pààrọ̀ pámpásì ò sí nínú ẹ̀ẹ̀kan yẹn; èyí tó wà lódìkejì ló ní in, àwọn èèyàn sì ti tò síbẹ̀. Wọ́n rí mi, wọ́n ní kí n máa kọjá. Aṣọ ọmọ kún inú báàgì ọwọ́ wa bámúbámú. Tèmi ò sí níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ wà nísàlẹ̀ bàálù. Ìró ìyàwó mi ni mo ró dé Paris, nínú oṣù kìn-ín-ní.