Ṣé fọ́nrán ewéko lè gba ipò ásíbẹ́sítọ̀ nínú páàdì bíréèkì?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onímọ̀ ẹ̀rọ. Mo ń múra iṣẹ́ ìwádìí kan sílẹ̀ lórí páàdì bíréèkì, fọ́nrán kẹ́náàfù (ewéko kan tí a ń bó fọ́nrán lára igi rẹ̀) ni mo sì fẹ́ kí ó gbé e ró. Mo mọ̀ pé fọ́nrán ewéko fúyẹ́, kò wọ́n, eruku rẹ̀ kò sì léwu bíi ti ásíbẹ́sítọ̀, fọ́nrán inú òkúta tí iná kì í jó. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé ewéko a máa jóná, bẹ́ẹ̀ ooru ni iṣẹ́ bíréèkì gan-an ń dá sílẹ̀. Báwo ni yóò ṣe dúró níbẹ̀? Bí ó bá sì ṣeé ṣe, báwo ni ó ṣe yẹ kí ó pọ̀ tó?

Ìdáhùn kìíní

Àníyàn yín tọ̀nà, ó sì ti pẹ́ láyé. Nígbà tí Herbert Frood bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bíréèkì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1897, òwú tí a rẹ sínú bítúmẹ́ẹ̀nì (ọ̀dà dúdú bíi ti ojú títì) ni ó lò. Ooru ni kò jẹ́ kí òwú pẹ́ níbẹ̀, tí ásíbẹ́sítọ̀ fi wọlé ní nǹkan bí 1908, kí àwọn ènìyàn tó wá rí i pé eruku rẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró àti ti awọ tí ó bò ó.

Hẹmisẹ́lúlóòsì àti sẹ́lúlóòsì wà lára ohun tí ó para pọ̀ di fọ́nrán ewéko. Hẹmisẹ́lúlóòsì a máa bẹ̀rẹ̀ sí í tú ní nǹkan bí 220 dígíríì Sẹ́lísíọ́sì, sẹ́lúlóòsì a sì tẹ̀lé e láti nǹkan bí 315 sí 400. Bí ọkọ̀ tí ó rù ẹrù bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè gígùn, tí awakọ̀ kò sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, ojú páàdì lè gbóná kọjá 300. Gáàsì tí ó ń jáde lára fọ́nrán àti résìnì (àtè tí ó di èròjà páàdì pọ̀) yóò wọ àárín páàdì àti dísìkì, bíréèkì kò ní mú dáadáa mọ́, ihò kéékèèké yóò sì ṣẹ́ kù níbi tí fọ́nrán wà, tí páàdì yóò fi tètè jẹ.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fi kẹ́náàfù nìkan ṣe é. Ẹ jẹ́ kí fọ́nrán irin, ti àpáta yíyọ́ tàbí árámíìdì (fọ́nrán àtọwọ́dá tí ó ń fara da ooru) gba ooru náà, kí kẹ́náàfù sì wà láàárín ìdá 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n páàdì. Ní tèmi, ìdá 5 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Ìdáhùn kejì

Mo fara mọ́ ohun tí wọ́n sọ lókè, ṣùgbọ́n omi ni ó ń ba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ báyìí jẹ́ kí ooru tó dé rárá. Fọ́nrán ewéko fẹ́ràn omi, résìnì kò sì fẹ́ ẹ, nítorí náà àwọn méjèèjì kì í dì mọ́ra dáadáa. Bí ẹ bá ṣẹ́ páàdì tí a kò tọ́jú fọ́nrán rẹ̀, ẹ ó rí i tí fọ́nrán yọ jáde ní mímọ́ tónítóní, tí ihò rẹ̀ sì ń dán. Èyí tí a tọ́jú yóò já pẹ̀lú résìnì lára rẹ̀.

Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi sódà kọ́sítíìkì tí kò le ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, kí ìda ara rẹ̀ àti apá kan hẹmisẹ́lúlóòsì lè ṣí kúrò, kí ojú rẹ̀ sì di háráhárá. Ẹ ṣàn án títí omi kò fi ní yọ̀ lọ́wọ́ mọ́ (ẹ wọ ìbọ̀wọ́ o, sódà náà a máa jó ara), kí ẹ sì gbẹ ẹ́ pátápátá. Omi tí ó bá ṣẹ́ kù yóò di oru nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀ gbígbóná tí a fi ń tẹ páàdì, yóò sì wú páàdì, nítorí náà ó yẹ kí a máa ṣí ẹ̀rọ náà díẹ̀díẹ̀ kí oru lè jáde. Ẹ gé fọ́nrán náà kúrú pẹ̀lú, nítorí èyí tí ó gùn a máa lọ́ mọ́ra bí irun.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun púpọ̀. Àyẹ̀wò wo ni yóò fi hàn pé ó yege?

Ìdáhùn kẹta

Ẹ má ṣe gbọ́kàn lé àyẹ̀wò tútù nìkan, nítorí páàdì tí ó mú dáadáa nígbà tí ó tutù lè má mú mọ́ nígbà tí ó bá gbóná. Ẹ gbé ooru dísìkì sókè ní ìpele ìpele títí yóò fi kọjá 300, kí ẹ máa wo bóyá òǹkà ìdìmú rẹ̀ (ìyẹn, agbára ìfaragbá láàárín páàdì àti dísìkì tí a pín sí agbára tí ó tẹ̀ wọ́n pọ̀) ṣì wà láàárín 0.3 sí 0.45. Lẹ́yìn náà ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ sì tún dán an wò, nítorí páàdì tí agbára rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò lẹ́yìn ooru kò yẹ lára ọkọ̀. Ẹ wọn bí ó ṣe jẹ tó ní ìpele kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tẹ páàdì mìíràn tí kò ní kẹ́náàfù nínú, tí gbogbo èròjà yòókù rẹ̀ bára mu, kí ẹ lè mọ ohun tí fọ́nrán náà fúnra rẹ̀ ṣe.