Bí omi ò bá dì mọ́ nínú fírísà, ẹ má tíì rọ gáàsì

"Gáàsì ló ti tán." Gbólóhùn yìí ń ná àwọn èèyàn lówó gan-an. Gáàsì fírísà kì í tán bí epo mọ́tò. Inú páìpù tí wọ́n dí pa ló ti ń yí po, ó sì lè lo ogún ọdún níbẹ̀ láìdín. Bó bá dín, ibì kan ló ń jò. Ẹni tó bá kàn rọ òmíràn lé e láìwá ojú ibi tó ń jò, ẹ ó tún pè é láìpẹ́.

Etí ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, ẹ gbọ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ohun dúdú roboto ìsàlẹ̀ yẹn. Bó bá ń kùn "hùùù", tó dún "ká", tó dákẹ́, tó tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, kò lè gbéra ni. Ẹ fi mítà wọn iná. Volt 230 ló yẹ kó wà; bó bá já wálẹ̀ sí nǹkan bí 170, ẹ pa á, torí wáyà inú rẹ̀ ń gbóná ni. Bí iná bá pé, ẹ yọ plug, ẹ ṣí ìdérí kékeré ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ẹ fa relay, ohun kékeré tó ń mú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ gbéra, jáde, ẹ mì í létí. Bó bá ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, ó ti fọ́ sínú. Owó rẹ̀ kéré sí ti gáàsì.

Ẹlòmíràn dá sí i: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àlàyé, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n fi ọ̀kan kún un. Relay àtijọ́ tí wọ́n wé wáyà bàbà mọ́ lára máa ń dún bí a bá mì í, torí irin kékeré kan ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀. Ìyẹn ò bàjẹ́. Ti ìgbàlódé, tó rí pẹlẹbẹ, ni ìró rẹ̀ burú. Kí ẹ tó ra tuntun, ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tutù, kí ẹ yí mítà sí ohm, kí ẹ wọn ẹsẹ̀ irin mẹ́ta tí relay ń wọ̀ lára rẹ̀ ní méjì méjì. Iye tó ga jù gbọ́dọ̀ jẹ́ àròpọ̀ méjì yòókù: bí 12 àti 20 bá jáde, 32 ló yẹ kí ìkẹta jẹ́. Bí mítà bá fi hàn pé iná lè ti ẹsẹ̀ kankan kọjá sí ara irin kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ẹ má kì í bọ iná mọ́.

Ẹnì kẹta náà ní: Ẹ ò mẹ́nu ba ilẹ̀kùn, ẹ̀yin àgbà. Ẹ fi owó bébà há rọ́bà ẹnu rẹ̀, ẹ tì í, ẹ fà á. Bó bá yọ wọ̀ọ̀, atẹ́gùn ń wọlé níbẹ̀. Yìnyín tó bá sì gbára jọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ! Páìpù alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà lẹ́yìn ògiri yẹn, ihò abẹ́rẹ́ sì ti tó láti lé gáàsì jáde. Ẹ pa iná, kí ẹ gbé abọ́ omi gbígbóná sínú rẹ̀. Bí NEPA bá mú iná lọ tó sì dá a padà kíá, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó tàn án, kí agbára gáàsì lè dọ́gba nínú páìpù.

Bó bá wá jẹ́ pé ó ń jò lóòótọ́, ibi tí òróró kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ bá ti rin ojú páìpù ni kí ẹ fi ìfófòó ọṣẹ sí. Ibẹ̀ ló máa hó. Ẹ ka irú gáàsì tó wà lára lébẹ́ẹ̀lì kí ẹnikẹ́ni tó tan iná sí i láti jó páìpù pọ̀: R600a máa ń gbiná, R134a kì í gbiná bẹ́ẹ̀. Iye gíráàmù gáàsì tó yẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Orí òṣùwọ̀n ni kí wọ́n ti wọ̀n ọ́n, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fa gbogbo atẹ́gùn inú páìpù jáde.