Abuwọ́lọjà: àbá kan lórí orúkọ tó yẹ gbajúmọ̀ eléré tó ń polówó ọjà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi,

Nínú ìjíròrò wa lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá tó yẹ ká máa lò, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló ti wà nílẹ̀ fún gbajúmọ̀ eléré ìdárayá tí ilé-iṣẹ́ ń sanwó fún kó lè gbé ọjà wọn lárugẹ: agbẹnusọ ọjà, aṣojú ọjà, onígbọ̀wọ́ ọjà, àti aforúkọpolówó tí ẹnì kan nínú wa ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lábàá. Mo gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹ̀ wò, kò sí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ jẹ́ ká fi béésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà dán wọn wò, torí iṣẹ́ yìí ti pẹ́ níbẹ̀.

Ẹ wo Joe DiMaggio ti New York Yankees. Ní 1941, eré 56 ló gbá léra láìsí ọ̀kan tí kò ti fi igi rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù débi tó fi rí béèsì gbà, ìyẹn ibùdó tí agbábọ́ọ̀lù ń sá lọ. Ó fẹ̀yìn tì ní 1951. Nígbà tó ti lé ní ogún ọdún tó kúrò lórí pápá, ilé-iṣẹ́ kan ní Cleveland pè é wá polówó Mr. Coffee, ẹ̀rọ tí ń po kọfí nínú ilé. Ọ̀pọ̀ ọmọdé ìgbà náà tí kò bá a lórí pápá, ẹni kọfí ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Bẹ́ẹ̀, wọ́n ròyìn pé ọgbẹ́ inú kì í jẹ́ kó fi bẹ́ẹ̀ mu kọfí.

Àwọn tó fara mọ́ agbẹnusọ á ní, ṣebí ó sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹnu ẹlòmíràn ni agbẹnusọ ń bá a sọ. Bí wọ́n bá gbé alukoro ọlọ́pàá lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn lónìí, òmíràn á bọ́ sípò lọ́la, ìkéde á sì máa bá a lọ. Ta ni wọn ì bá fi rọ́pò DiMaggio? Òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń sanwó fún. Aṣojú náà kò yàtọ̀.

Ní ti onígbọ̀wọ́, àwọn rédíò wa ti sọ ọ́ di ẹni tó ń náwó sí ètò. Ẹni tí à ń sọ yìí, ńṣe ló ń gbowó. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tó bá ṣe onígbọ̀wọ́ fún ajigbèsè mọ̀ pé bí onítọ̀hún bá sá, ọrùn òun ni gbèsè ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó ń gbé ẹ̀rọ kọfí tó bà jẹ́ lọ sílé DiMaggio.

Aforúkọpolówó ló dùn mọ́ mi jù, torí ó rí i pé orúkọ lọjà gan-an. Babe Ruth, gbajúmọ̀ agbábéésíbọ́ọ̀lù mìíràn, ló bà á jẹ́ fún mi. Ní 1921, Curtiss Candy Company ní Chicago gbé suwíìtì kan jáde tí wọ́n pè ní Baby Ruth, nígbà tí òkìkí Ruth kàn gbogbo Amẹ́ríkà. Wọ́n ní Ruth, ọmọbìnrin Grover Cleveland tó jẹ ààrẹ Amẹ́ríkà rí, ọmọ tó ti kú láti 1904, làwọn fi sọ ọ́. Nígbà tí Babe Ruth fẹ́ ta suwíìtì tirẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀, ilé-ẹjọ́ kọ̀ fún un ní 1931. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ta ni aforúkọpolówó? Ó lè jẹ́ Ruth, ó sì lè jẹ́ Curtiss. Ọ̀rọ̀ tí kò lè ya olórúkọ sọ́tọ̀ sí ẹni tó ń bá a du orúkọ, kò wúlò fún wa.

Ìdí nìyí tí mo fi dá *abuwọ́lọjà* lábàá: ẹni tó bu ọwọ́ lu ọjà. Gbogbo wa la mọ buwọ́ lù; gómìnà ń buwọ́ lu àbá ìṣúná, ẹgbẹ́ ń buwọ́ lu olùdíje. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ yìí rí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ní ti gidi. Ní 1905, agbábéésíbọ́ọ̀lù Honus Wagner tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú Hillerich, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe igi ìgbábọ́ọ̀lù ní Louisville, pé kí wọ́n máa fi iná tẹ ìbuwọ́lù òun sára igi ìgbábọ́ọ̀lù tí wọ́n ń tà. Ọkùnrin yìí kan náà ló kọ̀ nígbà tí American Tobacco Company fi àwòrán rẹ̀ sínú páálí sìgá láàárín 1909 sí 1911. Wọ́n dáwọ́ títẹ̀ ẹ́ dúró, ìwọ̀nba díẹ̀ tó ti jáde sì ń pa mílíọ̀nù dọ́là lónìí. Wagner buwọ́ lu igi, kò buwọ́ lu sìgá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Òfin Amẹ́ríkà náà bá a mu. Ní 1953, nínú ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ ṣingọ́ọ̀mù méjì, Haelan àti Topps, tí wọ́n ń jà lórí àwòrán agbábéésíbọ́ọ̀lù, ilé-ẹjọ́ ní agbábéésíbọ́ọ̀lù ní ẹ̀tọ́ láti fún ẹnì kan ṣoṣo láṣẹ lórí àwòrán òun.

Abuwọ́lọjà kò sọ pé onítọ̀hún ń lo ọjà náà, èyí sì dára, nítorí ọgbẹ́ inú DiMaggio. Ìbuwọ́lọjà ni iṣẹ́ náà. Ibi kan ṣoṣo tó ṣì ń kọ mí lóminú ni pé DiMaggio tún ṣe irú iṣẹ́ yìí fún Bowery Savings Bank ní New York, báńkì kì í sì í ṣe ohun tí à ń pàtẹ. Èmi rò pé ọjà gbà á. Ẹni tí kò bá gbà bẹ́ẹ̀, kó jọ̀wọ́ mú ọ̀rọ̀ mìíràn wá.