Èsì: Aràn tí ebi ń pa kì í “dàgbà sẹ́yìn”

Ẹ̀yin èèyàn mi,

Ọ̀gá wa tó ń tú ìwé ìmọ̀ ẹ̀dá sí Yorùbá ti gbé “ìdàgbàsẹ́yìn” wá, fún bí ebi ṣe ń mú kí aràn pẹlẹbẹ inú odò máa kéré sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń dàgbà sẹ́yìn? Àgbà ló wà nínú “dàgbà”, ẹni tó bá sì ti di àgbà ti dà á nìyẹn.

Ẹ wo aràn náà ná. Planaria ni mò ń wí, èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀dọ̀ màlúù bọ́ ní yàrá ìwádìí. Ẹnu rẹ̀ kò sí lórí, agbedeméjì ikùn ló wà. Tó bá gbóòórùn ẹ̀dọ̀, á gùn ún, á yọ ọ̀fun funfun kan jáde lábẹ́ ikùn, á máa fi fà á mu títí inú rẹ̀ á fi dúdú. Bó ṣe ń jẹ ló ń tóbi. Tó bá tóbi tán, ìdí á lẹ̀ mọ́lẹ̀ pinpin, iwájú á máa fà lọ, àfi jáa, ó di méjì. Èyí tó kù lẹ́yìn á hu orí tuntun. Ọ̀gá, èwo ni àgbà nínú méjèèjì?

Tí oúnjẹ bá wá tán, kò ní rù. Ibẹ̀ lèmi àti ẹni tó dábàá “ìrù” ti yà. Ohun tó nírù tẹ́lẹ̀, ẹ tún fẹ́ sọ ebi rẹ̀ ní ìrù! Ohun tó bá rù, egungun rẹ̀ á yọ. Eléyìí kò léegun. Sẹ́ẹ̀lì ara rẹ̀ ló ń dín níye, tí orí, ojú àti ikùn jọ ń kéré ní ìwọ̀n kan náà. Èyí tó gùn tó mìlímítà 20 lè kéré títí kò fi ní tó mìlímítà 1, kó sì wà láàyè. Ẹ fún un lẹ́dọ̀, á tún tóbi. Àwọn tó ń yé ẹyin nínú wọn, ara wọn á tiẹ̀ fi ẹ̀yà ìbímọ ṣe oúnjẹ. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Aràn náà gbọ́ òwe.

“Ìsúnkì” ló tọ́. Ìyá àgbà mi, tí kò fẹsẹ̀ tẹ iléèwé rí, á ṣí ìkòkò, á ní “ẹran yìí mà súnkì o”, kó tó wá fojú wá èmi tí mo wà nítòsí. Àbúrò wa ní London ní “shrink” Gẹ̀ẹ́sì ni. Irọ́! “Kì” inú rẹ̀ ni ọdẹ fi ń ki ìbọn. Ohùn ìsàlẹ̀ ni, ìgbà tó bá pàdé ọ̀rọ̀ orúkọ ló ń di àárín. Ẹ fàmì sí i dáadáa. Ẹlòmíràn ní omi ló ń jáde lára ẹran, kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì. Ojú ló ń sọ nǹkan lórúkọ, ojú kò sì rí sẹ́ẹ̀lì.

Ẹ má kó aràn pẹlẹbẹ gígùn inú ìfun eku, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “tapeworm”, mọ́ ọn o. Ìyẹn kò lẹ́nu rárá, awọ ló fi ń mu oúnjẹ. Tí eku kò bá rí ṣítáàṣì jẹ, aràn inú rẹ̀ náà kò ní gùn.

Ọ̀gá, ẹ yé ka ọdún tí ẹ ti ń kọ́ni fún wa. Ẹ sọ èyí tó jẹ́ àgbà nínú méjèèjì, n óò gba “ìdàgbàsẹ́yìn” yín lọ́wọ́ yín.